Bí o ṣe máa múra ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò iṣẹ́ l'Ékòó, láti ọjọ́ ìpè títí dé ọjọ́ ìwé ìgbanisíṣẹ́

Ẹni tó pè ọ́ wá fọ̀rọ̀ wá ọ lẹ́nu wò ní ẹrù kan lórí tó fẹ́ kí ẹlòmíràn bá òun gbé. Ó lè jẹ́ pé iye ọjà inú sítọ́ọ̀ kò bá ìwé mu mọ́. Ó lè jẹ́ pé oníbàárà ń pè, kò sẹ́ni tó ń gbé fóònù, tàbí kí àkọsílẹ̀ owó ti oṣù mẹ́ta sẹ́yìn ṣì wà nílẹ̀ láìkọ. Ohun kan ṣoṣo ló fẹ́ mọ̀ nínú nǹkan bí ogójì ìṣẹ́jú tó máa lò pẹ̀lú rẹ: ṣé ọrùn rẹ gba ẹrù yìí? Ọ̀pọ̀ ọmọ tó mọ iṣẹ́ dáadáa ló ń jókòó síwájú irú ẹni bẹ́ẹ̀ tí wọ́n á máa bẹ̀bẹ̀, tí wọ́n á máa ṣàlàyé bí ilé ṣe le tó, tí wọ́n á sì jáde láìtíì fi ẹ̀rí kan hàn pé àwọn ti gbé irú ẹrù bẹ́ẹ̀ rí. Ó ń dùn wá gan-an, nítorí ẹ̀rí náà wà lọ́wọ́ wọn. Wọn kò kàn kó o jọ kí wọ́n tó kúrò nílé ni. Ilé la sì ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde.

Ẹni tó ń wá iṣẹ́ ọ́fíìsì, báǹkì, sítọ́ọ̀ tàbí ilé iṣẹ́ ńlá l'Ékòó àti agbègbè rẹ̀ la kọ èyí fún, pàápàá ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ parí iṣẹ́ àgùnbánirọ̀.

Ìgbésẹ̀ 1: Yẹ ìpè náà wò dáadáa

Àtẹ̀jíṣẹ́ kan á wọlé lálẹ́: "O ti yege, wá fún íńtáfíù ní aago 9 àárọ̀ ọ̀la." Kò dárúkọ ilé iṣẹ́, kò sọ irú iṣẹ́, o kò sì rántí pé o kọ̀wé sí ẹnikẹ́ni. Ibi tí irú rẹ̀ sábà máa ń já sí ni gbọ̀ngàn kan tí wọ́n ti máa ní kí o ra ọjà, kí o sì mú èèyàn méjì wá sábẹ́ rẹ. Èyí tó burú jùyẹn lọ ni ilé àdáni tí wọ́n ti ń gba fóònù àti owó lọ́wọ́ èèyàn. Kí o tó lọ aṣọ, ṣe àyẹ̀wò wọ̀nyí:

- Wá orúkọ ilé iṣẹ́ náà lórí ìkànnì CAC, àjọ tó ń forúkọ ilé iṣẹ́ sílẹ̀ ní Nàìjíríà. Ọ̀fẹ́ ni. Ṣùgbọ́n gbájúẹ̀ lè yá orúkọ ilé iṣẹ́ gidi lò, nítorí náà má dúró síbẹ̀: wá nọ́ńbà fóònù lórí ìkànnì ilé iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀, kí o pè é, kí o bi wọ́n bóyá àwọn ló pè ọ́.
- Wo àdírẹ́sì náà lórí Google Maps. Bó bá jẹ́ òtẹ́ẹ̀lì tàbí ilé gbígbé, béèrè ìdí rẹ̀.
- Bí wọ́n bá ní kí o san owó fọ́ọ̀mù, owó ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tàbí owó aṣọ iṣẹ́ kí o tó wọlé, ọ̀rọ̀ ti parí nìyẹn. Iṣẹ́ lo ń wá, o kò wá ra nǹkan.
- Sọ ibi tí ò ń lọ fún ẹnì kan nílé, kí o sì fi ibi tí o wà ránṣẹ́ sí i lórí fóònù nígbà tí o bá débẹ̀.

Lẹ́tà tó wá láti inú àpótí Gmail nìkan kò tó ẹ̀rí pé irọ́ ni, nítorí ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ kékeré ló ń lò ó.

Bó bá jẹ́ òótọ́, fèsì lọ́jọ́ kan náà. Ìlà mẹ́rin tó: o dúpẹ́, o dárúkọ iṣẹ́ náà bí wọ́n ṣe kọ ọ́ gan-an, o tún ọjọ́, aago àti àdírẹ́sì sọ, o sì béèrè ohun méjì, ìyẹn bóyá ìdánwò máa wà àti àwọn ìwé tí o máa mú dání. Kò sí ẹni tí ìbéèrè méjèèjì yìí ń bí nínú, ó sì sàn ju kí o débẹ̀ kí wọ́n gbé ìdánwò lé ọ lọ́wọ́ lójijì.

Ìgbésẹ̀ 2: Fa ìpolówó iṣẹ́ náà ya sí wẹ́wẹ́

Fi ìpolówó náà pamọ́ lọ́jọ́ tí o kọ̀wé, torí wọ́n sábà máa ń yọ ọ́ kúrò lórí íntánẹ́ẹ̀tì kí wọ́n tó pè ọ́. Mú ìwé kan, fa ìlà sí àárín rẹ̀. Lápá òsì, kọ gbogbo ohun tí wọ́n ní kí òṣìṣẹ́ náà lè ṣe, ọ̀kọ̀ọ̀kan lórí ìlà tirẹ̀. Lápá ọ̀tún, kọ ibi tí o ti ṣe é rí.

Ká ní iṣẹ́ olùtọ́jú sítọ́ọ̀ ni. Wọ́n kọ ọ́ pé àwọn ń wá ẹni tó lè gba ọjà wọlé, tó lè ka ọjà lóṣooṣù, tó lè lo Excel, tó sì lè bá àwọn awakọ̀ ṣiṣẹ́ láìsí ìjà. Ohun mẹ́rin nìyẹn. Ìlà tí apá ọ̀tún rẹ̀ bá ṣófo ni ibi tí wọ́n ti máa tẹ̀ ọ́ mọ́lẹ̀. Bó bá jẹ́ Excel, o ní ọjọ́ mélòó kan láti kọ́ bí a ṣe ń ro iye pọ̀, bí a ṣe ń to orúkọ, àti bí a ṣe ń fi VLOOKUP wá iye owó ọjà. Bó bá jẹ́ ohun tí o kò lè kọ́ kí ọjọ́ náà tó pé, múra ìdáhùn òtítọ́ sílẹ̀: "Mi ò tíì ṣe é, èyí tó sún mọ́ ọn tí mo ti ṣe nìyí."

Lẹ́yìn náà, wádìí ilé iṣẹ́ náà. Kí ni wọ́n ń tà, ta ló ń rà á, ibo ni ẹ̀ka wọn wà, ta ni wọ́n jọ ń du oníbàárà? Bí ìpín ìdókòwò wọn bá wà ní ọjà NGX, ìròyìn ọdọọdún wọn wà fún gbogbo èèyàn láti kà. O kò nílò gbogbo ojú ìwé rẹ̀; ka ọ̀rọ̀ alága àti iye ọjà tí wọ́n tà lọ́dún náà. Bí wọ́n bá ní ṣọ́ọ̀bù, lọ síbẹ̀, ra nǹkan kékeré, wo bí wọ́n ṣe dá ọ lóhùn. Ohun tí o fojú ara rẹ rí níbẹ̀ wúlò ju ìpínrọ̀ mẹ́wàá tí o kọ́ sórí láti inú ìkànnì wọn.

Ìgbésẹ̀ 3: Kó ìtàn mẹ́fà jọ

Ibí ni iṣẹ́ pọ̀ sí jù, ibẹ̀ náà sì ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń fò kọjá. Ìbéèrè tí wọ́n ń bi èèyàn lónìí sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú "Sọ ìgbà kan fún wa tí o..." Ẹni tí kò ní ìtàn lọ́wọ́ á bẹ̀rẹ̀ sí í wàásù: "Ó yẹ kí èèyàn máa ní sùúrù..." Ìwàásù kọ́ ni wọ́n béèrè.

Mẹ́fà tó o nílò nìyí: ìgbà tí o ṣe àṣìṣe tí o sì tún un ṣe, ìgbà tí ìwọ àti ẹni tí ẹ jọ ń ṣiṣẹ́ kò fohùn ṣọ̀kan, ìgbà tí àkókò há, ìgbà tí o yára kọ́ ohun tuntun, ìgbà tí ẹnì kan ń bínú sí ọ tí o sì tù ú nínú, ìgbà tí wọ́n fi owó tàbí ọjà sí ìkáwọ́ rẹ. Mẹ́fà wọ̀nyí lè dáhùn èyí tó pọ̀ jù nínú ìbéèrè tí wọ́n máa bi ọ́.

Má sọ pé o kò tíì ṣiṣẹ́ rí. Ìgbà SIWES, ìyẹn iṣẹ́ tí akẹ́kọ̀ọ́ ń lọ kọ́ ní ilé iṣẹ́, wà níbẹ̀. Àpò owó ẹgbẹ́ ọ̀dọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì tàbí mọ́sálásí wà níbẹ̀. Ṣọ́ọ̀bù ìyá rẹ tí o ń bá a tọ́jú ní ìsinmi, iṣẹ́ akọ̀wé ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́, kíláàsì tí o kọ́ nígbà ìsìnlú: gbogbo rẹ̀ ló jẹ́ ẹ̀rí, bí o bá lè fi iye tì í lẹ́yìn.

Ìtàn kọ̀ọ̀kan ní apá mẹ́rin: bí ọ̀rọ̀ ṣe rí, ohun tó jẹ́ ojúṣe rẹ, ohun tí o ṣe, àti ibi tó yọrí sí. Wo ìtàn kan náà ní ọ̀nà méjì.

Èyí tí kò dára: "Nígbà tí mo ń sìnlú, a tún yàrá ìwé ilé ìwé náà ṣe, gbogbo nǹkan sì wá ń lọ dáadáa."

Èyí tó dára: "Wọ́n fi yàrá ìwé ilé ìwé girama kan sí ìkáwọ́ mi. Rẹ́jísítà ní ìwé 640 ló wà níbẹ̀, èyí tí mo kà jẹ́ 512. Mo ya rẹ́jísítà tuntun tó ní àyè fún orúkọ ẹni tó yá ìwé, kíláàsì rẹ̀ àti ọjọ́ tó máa dá a padà. Mo wá lọ bá olùkọ́ kíláàsì mẹ́fẹ̀ẹ̀fà lọ́kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú orúkọ ọmọ wọn lọ́wọ́. Láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ìwé 97 padà wálé. Mo kọ̀wé sí ọ̀gá àgbà nípa 31 tó kù, kí wọ́n lè yọ ọ́ kúrò nínú àkọsílẹ̀."

Ẹni tó ń wá olùtọ́jú sítọ́ọ̀ ti gbọ́ gbogbo ohun tó fẹ́ gbọ́: ó lè kà, ó lè kọ, ó lè tọpa ohun tó sọnù, kò sì fi èyí tó kù pamọ́.

Ìtàn kan kò gbọdọ̀ ju ìṣẹ́jú méjì lọ. Lo ìṣẹ́jú àáyá ogún sí ọgbọ̀n fún bí ọ̀rọ̀ ṣe rí, kí èyí tó pọ̀ jù jẹ́ ohun tí o ṣe, kí ogún tó gbẹ̀yìn jẹ́ àbájáde. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù ni kí èèyàn lo ìṣẹ́jú kan àti ààbọ̀ láti ṣàlàyé ìlú, ilé ìwé, ọ̀gá àgbà àti ìgbàkejì rẹ̀, kó tó wá ku ìlà kan fún iṣẹ́ tirẹ̀.

Àṣìṣe kejì ti inú ẹ̀kọ́ ilé wá. Wọ́n kọ́ wa pé ọmọlúàbí kì í yin ara rẹ̀, nítorí náà gbogbo ọ̀rọ̀ wa máa ń jẹ́ "a ṣe", "a rí i dájú", "a parí rẹ̀". Ẹni tó ń gbọ́ ọ kò lè gba gbogbo yín síṣẹ́. Lo "a" fún ohun tí gbogbo yín ṣe, lo "mo" fún èyí tó ti ọwọ́ rẹ jáde. Òtítọ́ ni o ń sọ, ìgbéraga kọ́.

Kọ ìtàn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà sílẹ̀ ní kókó kókó, má ṣe kọ wọ́n ní gbólóhùn odindi. Ohun tí o bá há sórí bí àkọ́sórí ni wọ́n máa já gbà lẹ́nu rẹ bí wọ́n bá fi ìbéèrè kékeré kan dá ọ dúró lágbedeméjì.

Ìgbésẹ̀ 4: Sọ ọ́ jáde létí ara rẹ

Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n sábà fi ń ṣe é, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Yorùbá ni gbogbo yín nínú yàrá náà. Kíkà lójú kò tó. Fi fóònù gba ohùn rẹ sílẹ̀, kí o tẹ́tí sí i. Ohun tí o máa gbọ́ ni pé o ń sáré, pé o ń gbé ohùn mì ní ìparí gbólóhùn, pé ọ̀rọ̀ kan náà ń jáde ní gbogbo ìgbà. Tún un sọ títí ìtàn kọ̀ọ̀kan á fi bọ́ sínú ìṣẹ́jú méjì. Má gbìyànjú láti fa ohùn bí ará òyìnbó; ó máa ń já nígbà tí ẹ̀rù bá bà ọ́, ó sì ń gba ọkàn tó yẹ kó wà lára ìdáhùn. Ọ̀rọ̀ tó ń lọ pẹ̀lẹ́, tí ìparí rẹ̀ dún ketekete, ni wọ́n nílò.

Ìgbésẹ̀ 5: Ìdánwò tó máa ń ṣáájú

Báǹkì àti ilé iṣẹ́ ńlá sábà máa ń fi ìdánwò orí kọ̀ǹpútà dín èèyàn kù. Ó sábà ní ọ̀nà mẹ́ta: àyọkà, ìṣirò, àti àwòrán tí o máa sọ èyí tó tẹ̀ lé e. Àkókò ni ọ̀tá níbẹ̀. Ó lè má tó ìṣẹ́jú kan fún ìbéèrè kan.

Nínú àyọkà, wọ́n á ní kí o sọ bóyá gbólóhùn kan jẹ́ òótọ́, irọ́, tàbí ohun tí a kò lè sọ. Àwọn tó mọ̀wé gan-an ni wọ́n ń kùnà níbí, torí wọ́n ń fi ìmọ̀ tiwọn dáhùn. Bí àyọkà náà bá sọ pé wọ́n ń gbin kòkó ní Oǹdó, tí ìbéèrè sì ní Oǹdó ló ń gbin kòkó jù ní Nàìjíríà, ìdáhùn rẹ ni "a kò lè sọ", nítorí àyọkà kò sọ ọ́, ohun yòówù tí ìwọ ì báà mọ̀.

Nínú ìṣirò, ìdá nínú ọgọ́rùn-ún ló ń pa èèyàn jù. Ọjà 4,800 náírà tó fi ìdá 15 nínú ọgọ́rùn-ún wọ́n sí i di 5,520. Ìyẹn rọrùn. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ní ọjà kan di 5,520 lẹ́yìn tó fi ìdá 15 wọ́n sí i, tí wọ́n béèrè iye tó jẹ́ tẹ́lẹ̀, ọ̀pọ̀ á yọ ìdá 15 kúrò lára 5,520, wọ́n á ní 4,692. Ó ti bàjẹ́. 1.15 ni o máa fi pín in, kí o lè padà sí 4,800. Àwọn tó ń ṣe ìdánwò náà mọ̀ pé ibẹ̀ lèèyàn máa já sí, wọ́n sì máa ń kó 4,692 sínú àwọn ìdáhùn tí o máa mú nínú wọn.

Ìgbésẹ̀ 6: Ìwé rẹ

Mú ojúlówó àti ẹ̀dà méjì méjì: ìwé ẹ̀rí WAEC tàbí NECO, ìwé ẹ̀rí ilé ìwé gíga tàbí ìwé èsì tí wọ́n fún ọ kí ojúlówó tó jáde, ìwé ẹ̀rí NYSC (tàbí ti ìyọ̀ǹda, bí o bá ti lé ní ọgbọ̀n ọdún nígbà tí o parí ilé ìwé), ìwé ọjọ́ ìbí, nọ́ńbà NIN oní díjíìtì 11, fọ́tò pásípọ́ọ̀tù méjì, àti ẹ̀dà CV mẹ́ta, nítorí ó lè tó èèyàn mẹ́ta tó máa jókòó síwájú rẹ kó sì jẹ́ ẹnì kan ló ní tirẹ̀. Tò wọ́n sínú fáìlì bí mo ṣe kà wọ́n yìí, kí o má bàa máa tú àpò lójú wọn.

Orúkọ ni kí o fi ọkàn sí jù. Orúkọ tó wà lórí WAEC, ti yunifásítì àti ti NIN gbọ́dọ̀ bára mu, títí dé orí lẹ́tà kan. "Ọlárewájú" lórí ọ̀kan àti "Ọláńrewájú" lórí èkejì ti tó láti dá ìwé ìgbanisíṣẹ́ dúró nígbà tí wọ́n bá ń yẹ ìwé wò. Obìnrin tó ti gba orúkọ ọkọ náà wà nínú èyí. Lọ búra ní kóòtù pé ẹnì kan náà ló ni orúkọ méjèèjì; bó bá jẹ́ pé orúkọ yí padà pátápátá, fi ìkéde sínú ìwé ìròyìn kí o sì tọ́jú ojú ewé náà. Má dúró di ọjọ́ tí wọ́n bá béèrè.

CV rẹ náà, ka gbogbo ìlà rẹ̀. Ohun tó bá wà níbẹ̀ ni wọ́n lè bi ọ́. Bí o bá kọ pé o gbọ́ Faransé, ẹnì kan nínú yàrá náà lè fi Faransé kí ọ.

Ìgbésẹ̀ 7: Aṣọ àti ọ̀nà

Aṣọ kò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀: èyí tó mọ́, tí a lọ̀, tí kò fún, tí o ti wọ̀ jókòó rí. Ọkùnrin, ṣẹ́ẹ̀tì àwọ̀ fẹ́ẹ́rẹ́, ṣòkòtò dúdú tàbí búlúù dúdú, bàtà dídán. Obìnrin, síkẹ́ẹ̀tì tàbí ṣòkòtò tó bọ́ sí i, bàtà tí o lè fi gun àtẹ̀gùn bí ẹ̀rọ agbénilókè ò bá ṣiṣẹ́. Lọ́fínńdà díẹ̀, torí yàrá náà lè há.

Ọ̀nà ni iṣẹ́ wà. Gba ọ̀nà náà lọ wò ṣáájú, ní ọjọ́ tó bá ọjọ́ náà mu nínú ọ̀sẹ̀ àti ní aago kan náà. Ọ̀nà Ìkòròdú sí Victoria Island ní ọ̀sán Àìkú kò jọ ti àárọ̀ Ajé rárá. Bí ibi tí ò ń lọ bá bọ́ sí i, ọkọ̀ ojú irin máa yọ ọ́ nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ: ti Agbado dé Oyingbo tó gba Agége, Ìkẹjà àti Yaba kọjá, àti ti Mile 2 dé Marina. Káàdì Cowry ni wọ́n fi ń wọ̀ ọ́, nítorí náà fi owó sí i lálẹ́ àná. Mú owó beba dání, torí báǹkì lè má jẹ́ kí owó kọjá nígbà tí kọ́ńdọ́ ń dúró. Lásìkò òjò, fi bàtà gidi sínú ọ̀rá, kí o wọ sálúbàtà rìn.

Dé àdúgbò náà ní wákàtí kan ṣáájú, jókòó sí ibi tó tutù, jẹ nǹkan díẹ̀. Wọ géètì ní ogún ìṣẹ́jú ṣáájú. Ẹni tó bá dé inú ọ́fíìsì ní wákàtí méjì ṣáájú ń dí àwọn oníṣẹ́ lọ́wọ́.

Bí gosiló bá mú ọ lóòótọ́, pè wọ́n kí aago tí wọ́n dá tó lù. Sọ ibi tí o wà gan-an àti aago tí o lè dé. Wọ́n sábà máa ń gbà á. Èyí tí wọn kì í gbà ni àlàyé tó dé lẹ́yìn tí wọ́n ti dúró tì.

Ìgbésẹ̀ 8: Láti géètì dé orí àga

Kí ẹni tó wà ní géètì, kí ẹni tó gbà ọ́ wọlé. Ní ibi púpọ̀, àwọn tó ń gbani síṣẹ́ máa ń bi wọ́n léèrè bí o ṣe hùwà. Pa fóònù rẹ pátápátá, torí èyí tó ń gbọ̀n lórí tábìlì náà ń dún.

Nínú yàrá, títẹríba díẹ̀ tó. Dídọ̀bálẹ̀ gbalaja tàbí kíkúnlẹ̀ á mú kí ojú ti àwọn tó jókòó, ó sì ń yí ọ padà di ẹni tó wá tọrọ nǹkan. Bí àgbà bá na ọwọ́, bọ̀ ọ́ lọ́wọ́. Bí kò bá nà á, má kọ́kọ́ nà tìrẹ. Jókòó nígbà tí wọ́n bá ní kí o jókòó.

Wọ́n kọ́ wa nílé pé ọmọ kì í ranjú mọ́ àgbà. Níbí, ẹni tó ń wo ilẹ̀ tàbí àjà bó ṣe ń dáhùn ni wọ́n máa rò pé ó ń fi nǹkan pamọ́. Bí wíwo ojú bá ṣòro, wo àárín ìpéǹpéjú méjèèjì. Ẹni náà kò ní mọ ìyàtọ̀. Bí wọ́n bá pé mẹ́ta, ẹni tó béèrè ni o máa kọ́kọ́ wò, kí ojú rẹ lọ sára àwọn yòókù lágbedeméjì, kí o sì padà parí rẹ̀ sọ́dọ̀ ẹni tó béèrè. Ẹni tí kò sọ̀rọ̀ rárá lè jẹ́ ọ̀gá pátápátá.

Ìgbésẹ̀ 9: Àwọn ìbéèrè tó ń kọ́ni lẹ́sẹ̀

*Sọ nípa ara rẹ fún wa.* Wọn kò béèrè ìlú bàbá rẹ àti ipò tí o wà láàárín ọmọ ìyá rẹ. Ìṣẹ́jú kan àti ààbọ̀: ohun tí ò ń ṣe báyìí, ohun méjì tí o ti ṣe tó bá iṣẹ́ yìí mu, àti ìdí tí iṣẹ́ yìí fi kàn ọ́.

*Kí ni kùdìẹ̀-kudiẹ rẹ?* "Mo máa ń ṣiṣẹ́ jù" ti sú wọn. Sọ èyí tó jẹ́ òtítọ́, tí kò lè ba iṣẹ́ náà jẹ́, àti ohun tí ò ń ṣe sí i: "Mo máa ń fẹ́ dá gbogbo nǹkan ṣe. Ní báyìí, ní àárọ̀ Ajé, mo máa ń kọ ohun tí mo máa fi lé ẹlòmíràn lọ́wọ́."

*Kí ló dé tí o fi kúrò níbi tí o wà?* Má ba ọ̀gá rẹ àtijọ́ jẹ́, kódà bó jẹ ọ́ lówó oṣù mẹ́rin. Ẹni tó ń gbọ́ ọ máa rò ó pé tòun náà ń bọ̀.

*Ìgbà wo lo máa ṣègbéyàwó? Ìgbà wo lo máa bímọ?* Obìnrin ni wọ́n ń bi èyí, kò sì yẹ kí wọ́n bi í, torí kò kan iṣẹ́ náà. O kò jẹ wọ́n ní ìdáhùn. Fi ohùn pẹ̀lẹ́ dá ọ̀rọ̀ padà sórí iṣẹ́: "Ohun tí mo lè fọwọ́ sọ̀yà fún yín ni pé mo máa wà lẹ́nu iṣẹ́ ní àkókò. Níbi tí mo wà tẹ́lẹ̀, èmi ni mo ń ṣí ọ́fíìsì."

*Ohun tí o kò mọ̀.* Sọ pé o kò mọ̀ ọ́n, kí o wá sọ bí o ṣe máa wá ìdáhùn rẹ̀. Àwọn tó mọ iṣẹ́ náà ló ń béèrè. Irọ́ kì í kọjá ìbéèrè kejì.

*Èló lo fẹ́ gbà?* Ṣe ìṣirò nílé. Owó tí wọ́n máa dá kọ́ ni owó tó máa wọ àkáǹtì rẹ. Ká ní 200,000 náírà lóṣù. Ìdá 8 nínú ọgọ́rùn-ún ni tìrẹ nínú owó ìfẹ̀yìntì, agbanisíṣẹ́ á fi ìdá 10 kún un. Bí a bá ṣírò ó lórí gbogbo owó náà, 16,000 ti lọ. Láti oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2026, 800,000 náírà àkọ́kọ́ nínú owó ọdún kò ní owó orí, ìdá 15 ló wà lórí 2,200,000 tó tẹ̀ lé e. Lórí owó tiwa yìí, ó jẹ́ nǹkan bí 17,600 lóṣù, láìtíì ka ìrọ̀rùn tó wà fún ẹni tó ń san owó ilé. Ó ku 166,400. Bí owó ọkọ̀ àlọ àti àbọ̀ bá jẹ́ 3,000 lójúmọ́, ọjọ́ 22 gba 66,000. 100,400 ló kù fún oúnjẹ, ilé àti ohun gbogbo. Ẹni tí kò ṣe ìṣirò yìí á gba iṣẹ́ náà pẹ̀lú ayọ̀, á sì fi í sílẹ̀ ní oṣù kẹta.

Nígbà tí wọ́n bá béèrè, sọ iye kékeré àti iye ńlá, kí èyí tó kéré jẹ́ èyí tí o lè fara mọ́ ní tòótọ́, nítorí òun ni wọ́n máa gbọ́. 70,000 náírà ni owó oṣù tó kéré jù lábẹ́ òfin láti ọdún 2024.

Ní ìparí, wọ́n á ní ṣé o ní ìbéèrè. "Rárá" kò dára. Béèrè ohun tí wọ́n máa fi mọ̀ pé ẹni tó gba ipò yìí ń ṣe dáadáa ní oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́, àti ìgbà tí o lè retí èsì. Má fi ìsinmi àti owó oṣù ṣe ìbéèrè àkọ́kọ́.

Bó bá jẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì

Jókòó kọjú sí fèrèsé, kí ìmọ́lẹ̀ wà níwájú rẹ. Bó bá wà lẹ́yìn, òjìji ni wọ́n máa rí. Fi ìwé gbé fóònù sókè títí kámẹ́rà á fi bá ojú rẹ mu. Dátà tó ju gíìgì kan lọ fún wákàtí kan ni kí o ní, kí fóònù kejì tó ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì mìíràn wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ. Má gbẹ́kẹ̀ lé NEPA: gba iná sínú gbogbo rẹ̀ látàná. Bẹ ará ilé nípa jẹnẹrétọ̀, kí o sì yí orúkọ tó ń hàn lórí Zoom padà bó bá jẹ́ orúkọ eré lo fi síbẹ̀. Bí Zoom bá já ní ogójì ìṣẹ́jú, má fòyà. Ibẹ̀ ni ti ọ̀fẹ́ dé, tún tẹ ìlà ìpè náà.

Lẹ́yìn tí o bá jáde

Kí o tó wọ ọkọ̀, kọ gbogbo ìbéèrè tí wọ́n bi ọ́ sílẹ̀, pàápàá èyí tó da ọ láàmú. Fi lẹ́tà ọpẹ́ kúkúrú ránṣẹ́ kí ọjọ́ kejì tó parí, kí o mẹ́nu kan ohun kan pàtó tí ẹ jọ sọ. Bí ọjọ́ tí wọ́n dá bá kọjá pẹ̀lú ọ̀sẹ̀ kan, béèrè lẹ́ẹ̀kan. Ìpè ojoojúmọ́ kì í mú èsì yá.

Láàárín ìgbà náà, bá àwọn tó máa ṣe onídùúró fún ọ sọ̀rọ̀. Ilé iṣẹ́ púpọ̀ ń béèrè méjì, tí wọ́n ń fẹ́ òṣìṣẹ́ ipò kan, pẹ̀lú fọ́tò àti ìdánimọ̀ wọn. Iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ èèyàn rí nítorí pé wọn kò rí onídùúró kí ọ̀sẹ̀ tó pé.

Nígbà tí ìwé ìgbanisíṣẹ́ bá dé, kà á tán kí o tó fọwọ́ sí i. Wá owó oṣù àti bí wọ́n ṣe pín in, iye oṣù tí wọ́n máa fi dán ọ wò lẹ́nu iṣẹ́, àkókò tí ẹnì kìíní gbọ́dọ̀ fún ẹnì kejì kí ó tó fi iṣẹ́ sílẹ̀, àti ohun tó ṣẹlẹ̀ bí o bá lọ kí ọdún tó pé. Òfin Iṣẹ́ Nàìjíríà ní òṣìṣẹ́ tí òfin náà kàn gbọ́dọ̀ gba àdéhùn rẹ̀ lákọsílẹ̀ kí oṣù mẹ́ta tó pé, nítorí náà "a máa fún ọ níwèé tó bá yá" ní òpin. Bí wọ́n bá ní kí o fi ojúlówó ìwé ẹ̀rí rẹ sílẹ̀ lọ́dọ̀ wọn, fún wọn ní ẹ̀dà, jẹ́ kí wọ́n fi ojúlówó wé e níwájú rẹ, kí o sì gbé tìrẹ padà sílé lọ́jọ́ náà.